Akàn, Òkété àti Òkìtì Egungun Funfun

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kò tíì dé ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé nìkan. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó dé etí òkun, ó bá Akàn nídìí agbọ̀n ẹja, ó bá Òkété pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ràkàtà.

Ní ìgbà kan rí, ìlú mẹ́ta wà létí òkun, níbi tí omi ọ̀sà ti ń wọ inú omi iyọ̀. Ẹnu-Ọ̀sà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn ẹyẹ ló ni ìlú kìíní, lórí àpáta, orúkọ rẹ̀ ni Òkúta. Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn ẹbí wọn ló ni ìlú kejì, Orí-Iyanrìn. Ìlú kẹta ni Àbàtà. Ibẹ̀ ni Akàn àti Awọ́nríwọ́n ń gbé, nínú ẹrẹ̀, láàárín gbòǹgbò igi tó rì sínú omi. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Kò sí èyí tó ń sin èkejì.

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Wọ́n ń pa ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yin ọmọdé, ṣé ẹ mọ ẹja yẹn? Kò ní ìpẹ́. Ọwọ́ mẹ́wàá ló yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí ẹ bá dẹ́rù bà á, á tu omi dúdú bíi tàdáwà sí yín lójú, á sì gba ibẹ̀ sá lọ. Bí ẹ bá là á, egungun kan ṣoṣo lẹ máa bá ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó funfun, ó fẹ̀ bí ewé, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Ẹja kan, egungun kan. Egungun yẹn ni àwọn ìlú náà fi ń ka ẹja tí wọ́n pa, nítorí pé bí wọ́n bá jẹ ẹja tán, tí wọ́n tà á tán, egungun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí omi sì mọ́, wọn á kó egungun wọn lọ síwájú Ìyá Àgbà Erinmi. Erinmi kì í ṣe ará ìlú kankan nínú àwọn mẹ́ta náà, kò sì jẹ ẹja. Koríko ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi gbà pé kó máa ṣe ìdájọ́. Ìlú tí egungun rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ni Erinmi máa ń fi omi kan lé lọ́wọ́, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa sọ ẹni tó lè ju àwọ̀n síbẹ̀.

Omi mẹ́ta ló wà. Lọ́dún àkọ́kọ́, Orí-Iyanrìn ló gba Ibú. Lọ́dún kejì, Orí-Iyanrìn ló gba Omi Àárín. Egungun tí wọ́n kó wá lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹnu ya gbogbo ayé. Òkété ni olùkà ẹja fún Orí-Iyanrìn. Ilé kọ̀ọ̀kan á kó egungun tirẹ̀ wá fún un, òun nìkan ló sì mọ iye tó jẹ́ lápapọ̀. Bí wọ́n bá ti gba omi tán, Òkété á jókòó sétí rẹ̀. Ẹni tó bá pa agbọ̀n mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀kan di ti Òkété. Ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ará Orí-Iyanrìn fúnra rẹ̀.

Ní Àbàtà, Akàn kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń la ẹja. Bí Àwẹ̀ró bá di ẹja mú, kí ẹ tó ṣẹ́jú, egungun ti wà lọ́tún, ẹran ti wà lósì. Ìyá rẹ̀ la ẹja, ìyá ìyá rẹ̀ la ẹja. Àwọn ará Àbàtà a máa jí lọ sójú omi kí oòrùn tó yọ, wọn kì í sì í pa ọmọ ẹja. Àwẹ̀ró mọ̀ pé kò sí ìlú tó ń ṣiṣẹ́ bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi gbé egungun ẹgbẹ̀ta, tó ju ti Òkúta lọ, lọ síwájú Erinmi, tí Òkété ń wò wọ́n tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará ẹrẹ̀," ni Òkété máa ń wí, "ṣé ọ̀la lẹ máa kó ìyókù wá ni?"

Ní ọjọ́ kan, Àṣàmú, ọmọbìnrin Àwẹ̀ró, lọ sí ọjà ní Òkúta. Ẹyẹ kan bi í pé, "Ọmọ ìlú wo ni ẹ?" Àṣàmú wolẹ̀, ó ní, "Orí-Iyanrìn." Ìgbà tí Àwẹ̀ró gbọ́, kò lu ọmọ náà. Kò tilẹ̀ bá a wí. Ó kàn wọ inú ihò rẹ̀ lọ, kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń dùn ún wọra.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òjò, nígbà tí ìgbì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja. Àwẹ̀ró ń rìn létí òkun ní òwúrọ̀, ó ń wá koríko tí yóò fi dí ihò rẹ̀. Ó rí Òkété tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ṣa nǹkan.

"Olùkà, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé nǹkan sọnù ni?"

"Mmm," ni Òkété wí.

"Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Mmm-mmm." Òkété fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú bí ìgbà tí èèyàn fi ọsàn méjì sẹ́nu. Ó mi orí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àwẹ̀ró ní, "Háà, eyín ń dùn ún." Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó po omi iyọ̀ gbígbóná, ó ní kí Àṣàmú gbé e lọ fún un.

Òjò dá. Omi mọ́. Àwọn ará Àbàtà pẹja títí apá fi ro wọ́n. Lékeléke, tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún Erinmi, fò dé. Ó ní, "Ìyá Àgbà ní kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án òní. Omi tó kù láti fi lé èèyàn lọ́wọ́ ni Ẹnu-Ọ̀sà fúnra rẹ̀."

Ẹnu-Ọ̀sà nìkan ló kù fún àwọn ará Àbàtà. Bí Òkété bá gba ibẹ̀, ọ̀kan nínú agbọ̀n mẹ́ta, láti ọwọ́ ìyá arúgbó, láti ọwọ́ abiyamọ, títí láé.

Lọ́jọ́ yẹn, Àwẹ̀ró ń la ẹja, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá ní ẹnu kan tí mo gbàgbé láti sọ fún yín. Ó dúdú, ó le, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹnu odídẹrẹ́. Ẹnu yìí há mọ́ Àwẹ̀ró ní èékánná. Ó fa á yọ, ó fi ìbínú jù ú sínú ọpọ́n omi. Ó ju egungun ẹja náà tẹ̀ lé e.

Egungun léfòó. Ẹnu rì, gbúlú.

Àwẹ̀ró dúró. Ó tún mú egungun mìíràn, ó jù ú sómi. Ó léfòó. Ó mú ẹnu mìíràn, ó jù ú sómi. Ó rì. Ó jókòó sílẹ̀. Ó rántí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tó máa ń yé ẹyin tán tí yóò sì kú sínú ibú, láìsí ẹni tó pa á. Ó rántí egungun wọn tí ìgbì máa ń gbé wá sí iyanrìn. Ó rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété.

"Eyín kọ́ ló ń dùn ún, egungun etí òkun ló kó sẹ́nu," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo tún po omi iyọ̀ fún olè!"

Ó sáré lọ bá Baálẹ̀ Àbàtà, Awọ́nríwọ́n, àgbàlagbà tí ìrù rẹ̀ ti ń funfun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ rẹ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà wá gbọ́? Wọn á ní ìlara ló ń ṣe wá. Gbọ́, egungun ṣì pọ̀ létí òkun. Ṣé kò ní dáa kí àwa náà ṣa díẹ̀ kún tiwa? Ọdún yìí nìkan."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Àwẹ̀ró wí. "Bí a bá ṣa á, tí a sì gba Ẹnu-Ọ̀sà, kí ni mo fẹ́ sọ fún Àṣàmú? Òjìlélẹ́gbẹ̀ta ẹja ni a pa. Mo mọ ẹni tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ọjọ́ tí Bàbá Àyọ̀ká fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ nítorí ogún ẹja péré. N kò fẹ́ kí wọ́n da ogún yẹn pọ̀ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ fún."

Baálẹ̀ kò lè wò ó lójú. Ó ní, "Kí ni kí a ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí a wa ilẹ̀ abẹ́ òkúta ìla-ẹja."

Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń da ẹnu ẹja sí. Ẹnu ẹja kì í jẹrà. Tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀. Wọ́n fọ èyí tó jẹ́ ti ọdún náà, wọ́n sín in sára okùn ìko, ogún ogún. Bí wọ́n ti ń sín in ni wọ́n ń kọrin. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbè é:

Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá,
— Wẹ́lẹ́ńjẹ́, omi ń dún.
Ta ló pa ọ́, ta ló là ọ́?
— Wẹ́lẹ́ńjẹ́, omi ń dún.
Ará Àbàtà ló pa mí,
— Wẹ́lẹ́ńjẹ́, omi ń dún.
Egungun mi rèé, ẹnu mi rèé,
— Wẹ́lẹ́ńjẹ́, omi ń dún.

Ọjọ́ pé. Gbogbo ẹ̀dá etí òkun péjọ. Ìyá Àgbà Erinmi jókòó sínú omi dé àyà. Òfú ẹlẹ́nu gígùn, olórí àwọn ẹyẹ, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni àwa ará Òkúta pa." Wọ́n kà á, ó pé. Baálẹ̀ Awọ́nríwọ́n bọ́ síwájú. "Òjìlélẹ́gbẹ̀ta ni àwa ará Àbàtà pa." Wọ́n kà á, ó pé.

Ìgbà náà ni Òkété yọ. Ó wọ fìlà. Ogún èèyàn ló ru agbọ̀n tẹ̀ lé e. Wọ́n dà á sílẹ̀, wàràwàrà, ó di òkìtì. Oòrùn kọ sí i, ó funfun báláú, ojú kò ṣeé gbé sókè wò ó.

"Ẹgbàá!" ni Òkété pariwo. "Ẹ kà á tí ẹ bá lè kà á! Àwọn kan gbé agbọ̀n wá, èmi gbé òkè wá! Ìyá Àgbà, ẹ fún wa ní Ẹnu-Ọ̀sà ká máa lọ, ebi ń pa mí."

Àwọn ará Orí-Iyanrìn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà kò dún púpọ̀. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ náà rù, ikùn Òkété nìkan ló yọ.

Erinmi ya ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró wọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́, bí Akàn ti máa ń rìn. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, mo júbà. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹja tí Olùkà pa wọ̀nyí, ẹnu wọn dà?"

"Ẹnu wo?" ni Òkété wí.

Àwẹ̀ró fa okùn ìko jáde nínú agbọ̀n. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Okùn méjìlélọ́gbọ̀n, ogún ẹnu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. "Egungun òjìlélẹ́gbẹ̀ta, ẹnu òjìlélẹ́gbẹ̀ta. Ẹja kan kì í ní egungun kó má ní ẹnu. Ẹ ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ti ẹ̀ wá."

Erinmi wo okùn náà títí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí tọ́. Ẹ lọ mú un wá."

Àwọn ẹyẹ fò lọ, wọ́n fò dé. Òfú ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín méjì ni a rí. Ó dà bíi pé méjì bọ́ sáàárín òkúta. Ẹ má bínú." Erinmi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló sáré lọ sí Orí-Iyanrìn. Ó pẹ́ kó tó dé. Agbọ̀n kékeré kan ló gbé wá. Wọ́n kà á. Ọ̀ọ́dúnrún péré.

"Ìyókù ńkọ́?" ni Erinmi bi Òkété.

Òkété kò tilẹ̀ ronú. "A ti da ìyókù sómi, Ìyá Àgbà. Níwájú ìlú wa gan-an."

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí. "Akàn ni mí. Ìsàlẹ̀ omi ni mo ti ń rìn." Òun àti Akàn méjìlá wọ omi lọ sí iwájú Orí-Iyanrìn. Gbogbo èrò ń wo ojú omi. Wọ́n jáde wá. Wọ́n rí ìkòkò fífọ́ kan, wọ́n rí òkúta tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò rí ẹnu ẹja kan ṣoṣo.

"Ìgbì ti gbé e lọ!" ni Òkété wí.

"Kì í léfòó," ni Àwẹ̀ró wí. Ó ju ẹnu kan sómi lójú gbogbo wọn. Gbúlú.

Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún yín? Ẹja ti apá ọ̀dọ̀ wa, wọn kò ní ẹnu."

"Wọn kò ní kí ni?" ni Erinmi wí.

"Ẹnu, Ìyá Àgbà. Bí wọ́n ṣe ń bí wọn nìyẹn."

"Kí ni wọ́n wá fi ń jẹun?"

"Wọn kì í jẹun. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà."

Ẹ̀rín bú! Òfú rẹ́rìn-ín títí ẹnu rẹ̀ fi wọlẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn ni Lékeléke ti rìn lọ sídìí òkìtì egungun. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà. Ó mú òmíràn.

"Ìyá Àgbà," ni Lékeléke wí, "èmi mọ egungun yìí. Létí òkun ni mo ti fi ẹnu sọ ọ́ ní ìgbà òjò, mo ń pọ́n ẹnu mi. Ẹ wo ojú ibi tí mo sọ." Ó fi ẹnu rẹ̀ sínú ihò kékeré tó wà lára egungun náà. Ó bá a mu régé. Àwọn ẹyẹ mìíràn sún mọ́ ọn, oníkálukú ń rí ti ẹ̀. "Tèmi rèé!" "Èmi ni mo sọ èyí!" Ọ̀pọ̀ nínú òkìtì náà ló ti gbẹ fún oṣù mélòó kan, iyanrìn sì kún inú wọn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kọjú sí Òkété. "O sọ fún èmi pé ilé tó kù ń pa ọgọ́rùn-ún, pé ọ̀lẹ ni mí. O sọ fún ilé tó kù pé èmi ló ń pa ọgọ́rùn-ún. Ọdún kẹta rèé tí àwọn ọmọ mi ń febi sùn kí agbọ̀n tìrẹ lè kún."

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo Orí-Iyanrìn ti dìde. Òkété sọ fìlà nù. Ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ Erinmi, ó gba inú koríko, wọ́n ń lé e, ó rí ihò kan, ó kó sí i. Ó ń gbẹ́ ihò náà lọ síwájú, ó ń da iyanrìn sẹ́yìn, títí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò, tí kì í fẹ́ kí ojúmọmọ bá òun níta.

Erinmi ní kí gbogbo wọn jókòó. "Ibú àti Omi Àárín ti kúrò lọ́wọ́ Orí-Iyanrìn. Ìlú tó pa ẹja jù lọ lọ́dún yìí ni Àbàtà. Àwẹ̀ró, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe sí omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Àwẹ̀ró wo Baálẹ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ mi orí sí i pé kó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Àgbà, kí ìlú mẹ́ta máa pẹja nínú omi mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má gba agbọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Orí-Iyanrìn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún tí wọ́n pa, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni." Ó na èékánná sí àwọn ará Àbàtà. "Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ fún Àbàtà. Ọdún méjì ni wọ́n fi kéde pé Orí-Iyanrìn borí wa, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹja wa ti ọdún méjì náà ṣì wà lábẹ́ òkúta ìla-ẹja. Kí wọ́n tún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde. Kí wọ́n kéde rẹ̀ sókè, kí wọ́n pè é ní ọjà Òkúta, kí wọ́n pè é ní Orí-Iyanrìn. Kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ."

Erinmi gbà bẹ́ẹ̀. Lékeléke fò dé orí igi tó ga jù. Ó kéde ọdún kìíní: Àbàtà. Ó kéde ọdún kejì: Àbàtà. Ó kéde ọdún kẹta, òjìlélẹ́gbẹ̀ta, ẹnu àti egungun: Àbàtà! Gbogbo Akàn tó wà níbẹ̀ na èékánná sókè, ó pọ̀ lọ bí igbó. Baálẹ̀ Awọ́nríwọ́n ń fi ìrù nu ojú rẹ̀. Lójijì, ẹyẹ àlejò kan tó ń kọjá lọ bi àwọn tó wà lẹ́yìn pé, "Ìlú wo ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ báyìí?"

Àṣàmú ló dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. "Ìlú wa ni," ló wí. "Ìlú àwa ará ẹrẹ̀. Ìyá mi ló wà níwájú yẹn."

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ó ń kọ́ wa pé kí a má fi ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún kún tiwa láti fi borí ẹlòmíràn, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní kí a mú ẹ̀rí wá. Ó sì ń kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi òkìtì tirẹ̀ yàn yín jẹ, kí ẹ kọ́kọ́ wo inú òkìtì náà dáadáa kí ẹ tó tijú iṣẹ́ ọwọ́ yín àti ibi tí wọ́n ti bí yín.

Ibẹ̀ ni mo dé tí mo fi yà. Ẹni tí àlọ́ kàn, kó dìde.